Ohun Tí Ojú Mi Rí Lọ́wọ́ Pupa Méjì Tó Jọra

Inú pálọ̀ ilé kan ní Ìbàdàn ni ògiri tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà. Ó fẹ̀ ní mítà 4.2, ó ga ní mítà 2.9, fèrèsé tó dojú kọ ìwọ̀ oòrùn sì wà lápá òsì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kun ún kí n tó gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀. Pupa méjì tí ènìyàn lè búra pé ọ̀kan náà ni wọ́n ló fa gbogbo wàhálà náà. Mo ń kọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fi pupa dúdú kun inú ilé rẹ̀, àti fún ẹlẹgbẹ́ mi kunlékunlé tí wọ́n bá ní kó wá fi "wáìnì" kun pálọ̀, kó tó náwó sọ́jà.

Orúkọ ló kọ́kọ́ dà wá láàmú. Lórí fóònù, pupa wáìnì ni mọ̀mí onílé sọ, èmi náà sì dáhùn pé ó ti yé mi. Kò yé mi. Ohun tí ẹnì kan ń pè ní wáìnì lè jẹ́ àwọ̀ zobo inú ife, kí ti ẹlòmíràn jẹ́ àwọ̀ osùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì ń fà sápá aró, èkejì ń fà sápá ilẹ̀ pupa. Èdè wa kì í bá wa là á níbẹ̀ yẹn, torí pupa la ń pe epo, pupa la ń pe ẹ̀jẹ̀, a tún ní ẹni yìí pupa, ẹni tọ̀hún dúdú. Ẹyẹ àlùkò gan-an, òun ni wọ́n ní ó losùn tí kì í ráhùn osùn, òun kan náà la sì fi ń júwe elésè àlùkò, àwọ̀ tí kò bá osùn tan rárá. Ẹyẹ kan ṣoṣo la gbé pupa méjèèjì lé lórí.

Nọ́ńbà ló yẹ kí n béèrè. Káàdì àwọ̀ tí mo ń lò ni ti RAL. Ọdún 1927 ni wọ́n kọ́kọ́ to àwọ̀ 40 jọ sínú rẹ̀ ní Jámánì, kí ẹni tó ń ra ọ̀dà àti ẹni tó ń pò ó má baà máa fi orúkọ jiyàn. Lónìí àwọ̀ inú rẹ̀ ti lé ní 200. Nọ́ńbà mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ní, èyí tó bá sì fi 3 ṣáájú, ìdílé pupa ni. 3003 ṣì ń tàn yòò. 3005, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Jámánì túmọ̀ sí pupa wáìnì gan-an, dúdú débi pé bí fèrèsé yàrá bá kéré, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí dúdú tó bá di alẹ́. 3007 ti bá dúdú lọ ní tirẹ̀. Àárín wọn ni 3004 àti 3011 dúró sí. Dúdú inú àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, òun ni wọ́n fi ń tan ojú jẹ. Purpurrot ni wọ́n ń pe 3004 níbẹ̀, ìyẹn pupa àlùkò. Wọ́n ń pe 3011 ní Braunrot, pupa tó ní búráùn nínú. Èmi máa ń pe 3004 ní àlàárì, mo sì máa ń pe 3011 ní osùn. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ojúlówó aṣọ òkè àlàárì rí á mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ tún wo bóyá káàdì tó wà lọ́wọ́ yín ń dán tàbí kò dán. Nọ́ńbà kan náà máa ń dúdú, ó sì máa ń jinlẹ̀ sí i lórí ohun tó ń dán, ó máa ń ṣì díẹ̀ lórí èyí tí kò dán. Bí ẹ bá fi káàdì dídán yan àwọ̀, tí ẹ wá ra ọ̀dà tí kò dán rárá, ẹ ó ní wọ́n pò ó gbòdì fún yín, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣẹ̀ yín.

Abẹ́ iná funfun ṣọ́ọ̀bù la ti yan 3004. Àṣìṣe kìíní nìyẹn. Mo ya fọ́tò káàdì méjèèjì, mọ̀mí fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní London lórí WhatsApp, ọmọ náà ní èyíkéyìí ni ká lò, òun ò rí ìyàtọ̀ kankan. Kò parọ́. Kámẹ́rà fóònù máa ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀ kí fọ́tò lè dára lójú, ibi tó sì máa ń dà rú jù ni pupa tó dúdú. Nínú fọ́tò yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì.

Mo tún fi búrọ́ọ̀ṣì kun àmì méjì sára ògiri funfun náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ìwé ilé ẹ̀kọ́ lọ, mo sì kun wọ́n sún mọ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì dáa. Funfun tó yí àmì náà ká máa ń jẹ́ kí pupa dúdú ju bó ṣe jẹ́ lọ, ojú á wá máa sá fún un. Bí wọ́n ṣe sún mọ́ ara wọn náà ní wàhálà tirẹ̀, torí àwọ̀ méjì tó jọra, tí wọ́n bá fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín wọn ló máa ń pariwo. 3004 dà bí ìgbà tí wọ́n da aró sí i, 3011 sì dà bí amọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní kun méjèèjì sórí ògiri kan. Ìpele kan péré ni mo sì kun, lórí funfun. Ìpele kan pupa dúdú lórí funfun kì í ṣe àwọ̀ tí ẹ máa bá gbé, píńkì ló máa ń jọ.

Lítà 8 la rà, bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 4 méjì, ọ̀dà satin, èyí tó ń dán díẹ̀. Ìpele funfun kan ni mo fi ṣe ìsàlẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe fún krímù àti fún gbogbo àwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Ìpele pupa àkọ́kọ́ jáde bí omi zobo tí wọ́n da omi lù. Nígbà tí mo kun ìkejì, ipa rólà ń hàn. Lẹ́yìn ìkẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ nǹkan, ṣùgbọ́n tí oòrùn ọ̀sán bá wọlé, ibì kan á dúdú, ibì kan á ṣì, bí aṣọ tí kò mu aró dọ́gba. Ó di ìpele kẹrin kó tó dákẹ́.

Mo rò pé ọ̀dà náà ni ò dáa ni. Ara ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo ti wá ka ìdáhùn. Ẹ̀rọ tó ń pò ọ̀dà máa ń tẹ ìwé pélébé kan jáde, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí, ó sì máa ń kọ irú èròjà àwọ̀ tó wọ inú rẹ̀ àti ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà tó máa di pupa dúdú kì í ní funfun titanium nínú, torí bí funfun bá wà níbẹ̀, píńkì ló máa dà. Bẹ́ẹ̀ funfun yẹn gan-an ló máa ń jẹ́ kí ọ̀dà bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kí wọ́n tó fún èròjà àwọ̀ sí i, bí ẹ̀kọ mímu tó ṣàn ló rí, tó bá sì gbẹ, ẹ lè máa wo ògiri láti ẹ̀yìn rẹ̀. Àfi èròjà àwọ̀ nìkan ló kù tó máa bo ògiri.

Ibí ni 3004 àti 3011 ti pín yà. Láti rí pupa osùn, ohun tó máa ń pọ̀ nínú àpòpọ̀ náà ni oxide, ìyẹn ìpẹtà irin, ohun kan náà tó sọ ilẹ̀ wa di pupa. Ó nípọn, ìmọ́lẹ̀ kì í gba inú rẹ̀ kọjá, oòrùn kì í tètè pa á, alkali inú sìmẹ́ńtì, tó ń jẹ nǹkan bí omi eérú, kì í sì í jẹ ẹ́. Pupa àlàárì ò ṣeé rí láti ara oxide nìkan, àfi kí wọ́n fi àwọn pupa alágbára mìíràn kún un, àwọn tó mọ́ gaara bí omi ìṣápá. Ìmọ́lẹ̀ á wọ inú wọn, á kan funfun tó wà lábẹ́, á tún padà sójú yín. Ìyẹn ló fa ipa rólà tí mo rí. Ẹ máa ní kí ẹni tó ń po ọ̀dà ka ìwé pélébé yẹn fún yín kó tó tẹ bọ́tìnnì. Bí oxide bá kéré nínú rẹ̀ tàbí tí kò bá sí rárá, ẹ ti mọ̀ pé ìpele pọ̀ níwájú.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo parí ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́yìn yọ. NEPA mú iná dé ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀, gílóòbù LED funfun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tan lẹ́ẹ̀kan náà, pupa mi sì di nǹkan kan tí kò ṣe elésè àlùkò, tí kò ṣe dúdú, bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sára aṣọ. Mọ̀mí dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Péńtà, ṣé pupa tá a jọ yàn nìyí?"

Mo ní, "Òun ni, mà." Mo fa káàdì yọ, mo gbé e lé ògiri. Ojú ibẹ̀ ni káàdì náà ti di ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Kò sí ibi tí káàdì parí sí tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi káàdì ṣe ẹlẹ́rìí. Bí àwọ̀ bá yí padà lójú yín, ẹ gbé káàdì lé ògiri lábẹ́ iná tó ń bí yín nínú náà. Bí káàdì àti ògiri bá jọ yí padà, ọ̀dà ò jẹ̀bi, iná ni. Bí ògiri bá yí padà tí káàdì dúró gbọn-in, tí wọ́n sì bára mu lójú oòrùn, a jẹ́ pé èròjà tí wọ́n fi pò ó yàtọ̀ sí ti káàdì, ó bára mu lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan, kò bára mu lábẹ́ òmíràn. Bí wọn ò bá bára mu lójú oòrùn ọ̀sán pàápàá, wọ́n ṣì í pò nìyẹn, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì padà.

Ẹ wo ara páálí gílóòbù. Nọ́ńbà kìíní, tí K wà lẹ́yìn rẹ̀, ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà. 6500K ni ti ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, ìmọ́lẹ̀ tó funfun tó sì ń fà sí búlúù. 2700K ni èyí tó dà bí iná gílóòbù àtijọ́. Nọ́ńbà kejì ni CRI, tó ń sọ bí iná náà ṣe ń fi àwọ̀ hàn dáadáa tó. Wọ́n lè kọ 80 síbẹ̀, kí ẹ rò pé ó ti tó, àmọ́ àwọn àwọ̀ tí kò jinlẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ìyẹn. Pupa tó jinlẹ̀ ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, R9, ọ̀pọ̀ LED tí CRI rẹ̀ jẹ́ 80 ni R9 rẹ̀ sì súnmọ́ òdo. Iná tí kò ní pupa nínú ò lè fi pupa hàn yín. Lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀, 3004 á pàdánù pupa rẹ̀, aró inú rẹ̀ nìkan ni yóò kù. 3011 náà á ṣú, àmọ́ búráùn ló máa padà sí, búráùn sì ṣeé gbé pẹ̀lú nínú pálọ̀ tó ní àga aláwọ àti ilẹ̀kùn onígi.

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ṣáájú. Mo gé pákó pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, mo kun ìpele mẹ́ta sára wọn dé etí, mi ò fi funfun kankan sílẹ̀. 3004 wà lórí ọ̀kan, 3011 wà lórí èkejì. Ọ̀kan ṣoṣo ni mò ń gbé síta lẹ́ẹ̀kan, èkejì á dojú bolẹ̀. Mo gbé wọn sí ara ògiri yẹn, mo tún gbé wọn sí igun, torí ní igun ni pupa ti máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí pupa tó sì ń jinlẹ̀ sí i. Láago méje àárọ̀, tí oòrùn ò tíì yí dé fèrèsé, 3004 tutù bí aṣọ òkú, 3011 sì wà bó ṣe wà. Lọ́sàn-án, ẹ ò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn. Láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn aláwọ̀ epo wọlé láti ìwọ̀ oòrùn, 3004 dára débi pé mo dúró wò ó, 3011 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di bíríkì. Lálẹ́ lábẹ́ 6500K, 3011 borí. Mo yọ gílóòbù kan, mo fi 2700K tí CRI rẹ̀ jẹ́ 90 sí i, 3004 tún jí.

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lọ pààrọ̀ gílóòbù, ọ̀rọ̀ ti tán. Òótọ́ ni níbi tí ẹni tó ni ilé bá gbà. Àmọ́ iná funfun ni mọ̀mí fi ń ka Bíbélì, inverter ló sì ń gbé wọn, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Iná tí àwọn ará ilé ń tàn lálẹ́ ni mo fi ń yan pupa fún wọn báyìí, torí alẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń jókòó sí pálọ̀.

A wá gbà pé kí 3011 gba ògiri ńlá, kí 3004 lọ sí ibi ìjẹun, níbi tí gílóòbù 2700K kan rọ̀ sókè tábìlì. Ògiri ńlá ò nílò ìsàlẹ̀ mìíràn, pupa àkọ́kọ́ ti di ìsàlẹ̀. Mo fi sáńpépà 180 ha á díẹ̀ kí dídán rẹ̀ lè kúrò, mo nu eruku, mo kun ìpele méjì. Sukúẹ́à mítà 12 àti díẹ̀ ni ògiri náà, lítà kan sì máa ń kárí nǹkan bíi sukúẹ́à mítà 10 lórí ibi tó tẹ́jú, nítorí náà lítà 2.4 ló bá a lọ. Ẹ fi wé lítà 4.9 tí 3004 gbà lórí ògiri kan náà.

Ògiri ibi ìjẹun ṣì funfun, ó fẹ̀ ní mítà 2.4. Ìsàlẹ̀ aláwọ̀ eérú ni mo kọ́kọ́ kun níbẹ̀. Eérú yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú pupa kọjá, tó sì kan eérú dípò funfun, díẹ̀ ló máa padà, pupa á sì tètè jinlẹ̀. Mo fi èròjà dúdú sínú ọ̀dà funfun, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dà bí sìmẹ́ńtì tó ti gbẹ. Láti mọ̀ bó ṣe yẹ kí eérú náà dúdú tó, ẹ gbé káàdì pupa lé e, kẹ́ ẹ ya á ní fọ́tò dúdú-àti-funfun. Bí káàdì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sínú eérú, ẹ ti débẹ̀. Fóònù tí kò wúlò fún yíyan àwọ̀ wúlò níbí. Ìpele eérú kan àti ìpele 3004 mẹ́ta ló parí ògiri náà, kò sí ipa rólà kankan. Lítà 2.1 ni mo lò, nínú èyí tó ṣẹ́kù.

Àwọn nǹkan kan wà tí mo fẹ́ yára sọ. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ju ọ̀kan lọ, ẹ da gbogbo wọn pọ̀ sínú ọpọ́n ńlá kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí èròjà kékeré tí ẹ̀rọ bá fi dín tàbí fi lé máa ń hàn ní àárín ògiri. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kun gbogbo etí ògiri tán kẹ́ ẹ tó mú rólà, ó máa ń gbẹ bíi férémù fọ́tò. Etí mítà kan, kí rólà tẹ̀ lé e nígbà tó ṣì tutù. Lásìkò ọyẹ́, ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé. Ẹ fi òru kan sáàárín ìpele kan àti èkejì, kódà bí ara bọ́kẹ́ẹ̀tì bá kọ wákàtí mẹ́rin, torí èròjà àwọ̀ tó pọ̀ máa ń fa gbígbẹ sẹ́yìn. Níbi tí ògiri ti pàdé àjà POP, ẹ lẹ téèpù, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi funfun àjà náà kun etí téèpù, kó dí ihò tí pupa lè gbà yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí téèpù kí ìpele tó kẹ́yìn tó gbẹ tán. Tí ilé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ rírẹ́, ẹ fún sìmẹ́ńtì ní ọjọ́ 28 ó kéré tán, pàápàá fún 3004. Alkali tó ń jáde láti ara rẹ̀ máa ń jẹ àwọn pupa tó mọ́ gaara, ẹ ó kàn rí i tí ibì kan ń ṣì bí ẹni pé omi ṣan sí i.

Ọ̀dà tí kò dán dára lójú, àmọ́ èékánná ọmọdé á kọ ìwé sára rẹ̀ ní funfun-funfun, bí ẹ bá sì tún ibi tó bàjẹ́ kùn, kì í dọ́gba. Satin ni mo fara mọ́ fún pupa dúdú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fún un kí ẹnikẹ́ni tó fi aṣọ tutù nù ún. Nígbà tí wọ́n nu ti ibi ìjẹun ní ọjọ́ kẹwàá, aṣọ ìnulẹ̀ jáde ní píńkì.

Àwọn àlejò tó ń wọ ilé náà rò pé ọ̀dà kan náà ló wà lórí ògiri méjèèjì, mọ̀mí kì í sì í sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lítà kan 3004 àti lítà 1.6 ti 3011 ló kù. Mo dà wọ́n sínú ike tó ní ìdérí líle, mo kun ìka kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìdérí tirẹ̀, mo lẹ ìwé pélébé ẹ̀rọ mọ́ ọn, mo kọ orúkọ ògiri àti ọjọ́ sí i, wọ́n sì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn.